Irọ́ Tí Mo Gbé Lọ sí Sàró

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà, ní Ifọ̀, ní Mowe, títí kan Ibafo tí mi ò ti mọ èèyàn méjì: "Ìyá Muíbá, báwo ni Sàró ṣe rí?" Mo ń dáhùn pé ó dáa, mo sì ń yára kọjá bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹ jókòó báyìí kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, èyí tó dùn mọ́ mi àti èyí tó tì mí lójú. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni mò ń wẹ òkú obìnrin fún àwa Mùsùlùmí ní àdúgbò wa ní Ifọ̀, ó ti lé ní ogún ọdún. Àwa méjì la jọ ń ṣe é tẹ́lẹ̀, èmi àti Sáratù ọ̀rẹ́ mi. Òun ní í bu omi, èmi ní í wẹ̀. Ẹnu mi mú, ẹ̀yin náà mọ̀. Sáratù kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá ń bá àwọn ọmọ olóòkú jà pé aṣọ funfun tí wọ́n rà kò tó, òun á kàn máa rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa.

Nígbà òjò èṣí, àrùn onígbáméjì bẹ̀rẹ̀ lápá Ibogun, ó sì wá bá wa nílé. Ìgbẹ́ gbuuru, èébì; ẹni tí a kí láàárọ̀ á ti kú kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbé gbohùngbohùn sórí ọkọ̀, wọ́n ń pariwo káàkiri: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wẹ òkú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àwọn ni yóò gbé e sínú àpò rọ́bà, àwọn ni yóò sin ín. Ẹni tó bá gbé òkú pamọ́, ọlọ́pàá á mú un. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí Ẹ̀bólà kọ́ gbogbo ayé nìyẹn.

Wọ́n wí tiwọn lọ. Ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n ju ìyá òun sí kòtò láìwẹ̀, bí ẹran tó kú sẹ́bàá ọ̀nà? Ọ̀sán gangan, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá lọ jẹun, ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè wá. Ẹ̀yìnkùlé la ń gbà wọlé. Òkú mẹ́fà la wẹ̀ báyẹn, èmi àti Sáratù, ọṣẹ àti omi kànga lásán, a tún wá bá wọn ro ẹ̀kọ sàráà níbẹ̀. Òkú keje, Sáratù ni. Èmi nìkan ni mo wẹ̀ ẹ́.

Rísíkà ọmọ rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Lotto, ní Mowe, kò sí nílé nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tó dé, mo sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó gbà mí gbọ́, nítorí ọwọ́ mi ló dàgbà sí. Láàárín oṣù mélòó kan ó gba ipò ìyá rẹ̀. Òun ló ń bu omi fún mi báyìí bí òkú bá ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń kọ ìròyìn àrùn náà, wá bi mí pé òkú mélòó ni wọ́n fi pamọ́ ládùúgbò wa. Mo ní, "Kò sí." Ó kọ òdo. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín." Mo ní àmín.

Òdo yẹn ló gbé mi lọ sí Sàró. Gbogbo àdúgbò yòókù ni wọ́n ti rí òkú tí wọ́n fi pamọ́, tiwa nìkan ló mọ́ tónítóní. Ni wọ́n bá ní kí ìyá tó mọ̀ bí a ṣe ń kó èèyàn níjàánu bá Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́ lọ sí ìpàdé kan lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti oríṣiríṣi ilẹ̀ yóò ti sọ ohun tí àrùn àtijọ́ kọ́ wọn. Bí a bá dé, a ó fi tún ìwé ètò tiwa ṣe kí òjò tó padà. Mo fẹ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ̀, wọ́n á béèrè ìdí.

Orí Omi

Èèyàn kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù kó wọ ìgboro tààrà ní Sàró. Omi ńlá ló wà láàárín. Wọ́n kó wa sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n de nǹkan kan mọ́ wa láyà tó dà bí ìrọ̀rí, wọ́n ní bí ọkọ̀ bá dojú dé, òun ni yóò gbé wa léfòó.

Mo ní, "Dúpẹ́, ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ yìí lè dojú dé, tí o ò sì sọ fún mi nílé?"

"Màmá, ní orúkọ Jésù, kò ní dojú dé."

"Mi ò bi Jésù. Ìwọ ni mò ń bi."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Ibafo ni Dúpẹ́, kò tíì pé ogójì ọdún, ìgbà mẹ́rin ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀, ó sì fẹ́ràn mi ju bó ṣe yẹ lọ. Òun ló gbé báàgì mi láti ilé. Bó bá ti fẹ́ fi mí han ẹnikẹ́ni, á ní, "Màmá wa nìyí, àdúgbò tiwọn nìkan ni kò fi òkú kankan pamọ́." Bó bá ti wí i báyẹn, màá bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè tí kò tú ṣe. Lórí omi yẹn ó di ọwọ́ mi mú, ó ń kọrin ìyìn lábẹ́lẹ̀, èmi náà ń fa tẹ̀súbáà mi.

Òkè ni ìlú yẹn o. Àwa tí ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ láti Ibafo dé Ifọ̀, a ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òkè. Ilé gun orí ilé, títí dé ibi tí ìkùukùu ti bo ìyókù. Bí a ṣe gúnlẹ̀, ọkùnrin kan gba ẹrù wa, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó bi mí bí ara mi ṣe rí. Mo ní ara mi le. Ẹni tó tẹ̀lé e tún bi mí. Bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nìyẹn, wọ́n á béèrè ara rẹ, ìwọ náà á ní o dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èdè wọn jọ pijin tiwa, àmọ́ ó ń sáré; ìdajì ni mò ń gbọ́, Dúpẹ́ ń túmọ̀ ìyókù. Kí a tó dé ilé tí wọ́n fi wá wọ̀ sí, èèyàn bíi mẹ́wàá ti béèrè ara mi, ó wá ń ṣe mí bí ẹni pé wọ́n ti gbọ́ nǹkan kan.

Ewé Ẹ̀gẹ́

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ewé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń sebẹ̀ níbẹ̀. Ewé ẹ̀gẹ́ tí àwa ń já fún ewúrẹ́! Wọ́n á gún un kúnná, wọ́n á da epo pupa lé e lórí, ẹja gbígbẹ àti ẹ̀pà lílọ̀, wọ́n á bù ú sórí ìrẹsì. Ọjọ́ kìíní, mo wò ó, mo wo Dúpẹ́. Ọjọ́ kejì mo fẹnu kàn án. Ọjọ́ kẹta, èmi ni mo ń béèrè pé ṣé ó kù. Ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Obìnrin tó ń dáná fún wa ní ẹni tí kò bá tíì jẹ ìrẹsì kò tíì jẹun, bó tilẹ̀ jẹ odidi iṣu.

Abọ́ ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé síwájú gbogbo wa. Ẹni tó bá rí ẹja ní iwájú rẹ̀ á tì í sọ́dọ̀ àlejò. Iwájú mi ni gbogbo ẹja ń para jọ sí. Mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, wọn ò gbọ́. Wọ́n sì ti wo fíìmù wa débi pé wọ́n rò pé wọ́n mọ̀ wá tán. Obìnrin onídàáná yẹn bi mí, ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, pé ṣé òótọ́ ni pé gbogbo ìyá ọkọ ní Nàìjíríà ló ń fi májèlé sínú ọbẹ̀. Mo ní tèmi nìkan ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí kò mọ ọbẹ̀ sè.

Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó pẹ́. Ara mi ò balẹ̀ rárá. Lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé, garawa kan wà tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu, pẹ̀lú ọṣẹ. O ò ní wọlé láìfọwọ́. Ẹ̀bólà ti lọ tipẹ́, garawa ò lọ. Ọmọdé kékeré á dúró tì ọ́, á máa wo ọwọ́ rẹ bí o ṣe ń fọ̀ ọ́, bí o bá yára jù, á ní kí o tún un fọ̀. Ọmọ bíi ọdún mẹ́fà ló dá mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Mo bínú lójú ẹsẹ̀, pé ta ni ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá mo rántí omi kànga tí èmi àti Sáratù fi ń ṣanwọ́ kí a tó ro ẹ̀kọ, oúnjẹ sì sá lẹ́nu mi.

Wọ́n Ní Kí N Kọ́ Wọn

Yàrá ìpàdé yẹn tutù bíi yìnyín, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí mi lẹ́yìn ọrùn. Ọkùnrin kan láti ilẹ̀ kan sọ pé nígbà tí àrùn kan lọ, ìwé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ikán jẹ ẹ́ tán, àrùn mìíràn sì dé bá wọn láìmọ nǹkan kan, bí ọmọ tuntun. Obìnrin kan ní àwọn ò gbàgbé, àmọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ti fẹ̀yìn tì, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Mo gbádùn wọn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó kan Dúpẹ́. Ó dìde, ó sọ nípa gbohùngbohùn, nípa òfin, nípa ọlọ́pàá. Ó sọ òdo. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá ní kí èmi dìde, kí n sọ bí mo ṣe mú àwọn èèyàn gbọ́ràn.

Ẹ̀yin ará ilé, mo dìde. Ó yẹ kí n ti sọ pé inú ń run mí, kí n sì jókòó. Mo ní, "A bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́." Dúpẹ́ túmọ̀ rẹ̀, ó fi tirẹ̀ kún un, ó dùn bí oyin. Gbogbo wọn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ ikán yẹn na ọwọ́ sókè, ó ní òun á gbé ọ̀nà tiwa lọ sílé báyìí: kí wọ́n fòfin de wíwẹ òkú pátápátá, kí ọlọ́pàá wà níbẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo jókòó. Mo ti rò pé irọ́ mi kò lè kọjá Ifọ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n lè kó o lọ síbi tí mi ò lè dé.

Obìnrin àgbàlagbà kan wà lẹ́yìn, aṣọ rẹ̀ funfun, kò pàtẹ́wọ́, kò sì kọ nǹkan kan. Nígbà tí a jáde lọ jẹun, ó wá bá mi. Orúkọ rẹ̀ ni Màmá Abíbátù. Ó ní iṣẹ́ kan náà ni àwa méjèèjì ń ṣe, kí n wá jẹun nílé òun lọ́la.

Nílé Màmá Abíbátù

Àdúgbò àwọn Mùsùlùmí tí baba ńlá wọn ti ọ̀dọ̀ wa lọ ni Màmá Abíbátù ń gbé. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún díẹ̀, egungun rẹ̀ le ju tèmi lọ. Kò gbọ́ Yorùbá, àfi ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ tó kù sẹ́nu wọn láti ayébáyé. Ó gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ síwájú wa, ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà ló sì pè é. Omi bọ́ lójú mi. Dúpẹ́ jókòó láàárín wa, ó ń túmọ̀.

Ó sọ bí Ẹ̀bólà ṣe rí fún wa. Ó ní níbẹ̀rẹ̀, àwọn tó wá gbé òkú wọ aṣọ funfun látorí délẹ̀, wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọn ò jẹ́ kí àlùfáà kírun sí òkú lára, ẹlòmíràn ò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sin èèyàn rẹ̀ sí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkú pamọ́, àrùn sì ń jó lọ. Òun náà wẹ̀ níkọ̀kọ̀. Ó sin méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ ń wẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló lọ bá àwọn òṣìṣẹ́, ó ní, "Ẹ wò ó, bí a ṣe ń tàn yín jẹ nìyí." Látìgbà náà ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹbí dúró lókèèrè wò, kí àlùfáà kírun, kí wọ́n fi aṣọ funfun kún un, kí wọ́n kọ orúkọ sí sàréè. Nítorí pé Ẹ̀bólà kò ṣeé fọwọ́ kàn, àwọn àlùfáà ní kí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ ṣe tayamọ́mù dípò ìwẹ̀. Àwọn èèyàn gbà.

Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ̀yin, àrùn wo lẹ ní?"

"Onígbáméjì."

"Onígbáméjì? Kí ló wá dé tí wọ́n fi ní kí ẹ má wẹ̀ rárá?"

Mo ní ẹ̀kọ́ Ẹ̀bólà ni. Ó pa ojú dé, ó mi orí. Ó ní bàtà Ẹ̀bólà ni wọ́n gbé wọ onígbáméjì lẹ́sẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ṣàlàyé fún mi, ọ̀rọ̀ díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ. Òkú onígbáméjì ṣeé wẹ̀. Omi kulọríìnì tó le ni kí á fi wẹ̀ ẹ́, kí á wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà, kí á fi òwú tí a rẹ sínú kulọríìnì dí ibi gbogbo tí omi lè gbà jáde, kí èèyàn méjì péré wà níbẹ̀, kí a sin ín kíákíá, kí ẹni tó wẹ òkú má ṣe fọwọ́ kan oúnjẹ sàráà. Ó ní, "Bí àwọn tó ṣòfin bá ti mọ̀ pé ẹ ń wẹ̀ níkọ̀kọ̀, wọn ì bá ti kọ́ yín. Ta ló sọ fún wọn pé ẹ ò wẹ̀?"

Mo dìde. Mo rìn lọ sójú fèrèsé, mo padà, mo tún lọ. Dúpẹ́ ní, "Màmá, ṣé kò sí nǹkan?" Mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu, ẹnu Dúpẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà yóò gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn. Kò sí ọ̀nà mìíràn.

Mo ní, "Sọ fún wọn pé èmi ni. Sọ fún wọn pé òkú méje ni."

Dúpẹ́ ya ẹnu láti túmọ̀, ó sọ ìdajì, ó dúró. Ó wò mí. Ó ní, "Méje báwo?"

"A wẹ mẹ́fà, èmi àti Sáratù. Sáratù ni ìkeje. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru."

"Màmá. Mo fọwọ́ sí ìwé yẹn. Orúkọ tèmi ló wà lábẹ́ rẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì jẹ́ kí n dúró níwájú gbogbo ayé lánàá!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń bínú, ó ń fi aṣọ nujú bí ẹni fẹ́ bó o. Màmá Abíbátù ń wò wá. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ti yé e tán. Ó dúró kí Dúpẹ́ sinmi, ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé àwọn tí mo parọ́ fún ṣì wà láyé? Dúpẹ́ túmọ̀ rẹ̀, kò wojú mi. Mo ní ọ̀kan ń bẹ ní Lotto, òun ló ń bu omi fún mi báyìí. Ìyá yẹn ní, "Nígbà náà, kí lo jókòó ṣe níbí?"

Lórí omi, nígbà tí a ń padà, Dúpẹ́ kò di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mi ò ní sọ ọ́, Màmá. Ẹ̀yin lẹ máa fi ẹnu ara yín sọ ọ́." Mo ń wo omi. N kò tilẹ̀ bẹ̀rù pé ọkọ̀ lè dojú dé mọ́.

Lotto

Láti ọ̀dọ̀ bàálù, mi ò délé. Lotto ni mo gbà lọ tààrà. Ọ̀nà márosẹ̀ ń hó yeye, ẹrù mi wà lẹ́sẹ̀ mi, Rísíkà ń lọ aṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó fò mọ́ mi. "Màmá, ẹ káàbọ̀! Ẹ ti sanra! Kí lẹ rà fún mi?"

Mo ní kó jókòó. Mo sọ ọ́ ní kúkurú, torí bí mo bá fà á gùn, màá rí ibi sá gbà. Mo ní onígbáméjì ló pa ìyá rẹ̀, òkú tí a jọ wẹ̀ ló ti kó o, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà.

Ó fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ lára ògiri. Ó ká aṣọ tó ń lọ̀, ó tú u, ó tún un ká.

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì ń jẹ́ kí n máa bu omi fún yín."

"Rísíkà..."

"Omi tó pa màmá mi, ẹ ń jẹ́ kí n máa fọwọ́ bù ú. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ sọ fún mi gan-an? Tí èmi náà bá ń gbuuru?"

Mo ní ìpàdé ń bọ̀ ní Mowe lọ́jọ́bọ̀, wọ́n fẹ́ kí òfin èṣí kan gbogbo ibi, Mowe, Ibafo, Ifọ̀, nítorí òdo tí mo fún wọn, mo sì fẹ́ sọ òótọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, mi ò lè sọ ọ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n gbé ẹrù mi kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Mo gbé e. Ẹkún gbà mí lójú títì, àwọn tó ń tajà ń wò mí, wọ́n rò pé wọ́n jà mí lólè.

Ìpàdé Mowe

Gbọ̀ngàn náà kún. Dókítà tó ń ṣètò rẹ̀, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó ti ṣiṣẹ́ ṣe ìwé yẹn títí irun rẹ̀ fi funfun, kí mi níwájú gbogbo èèyàn: "Màmá wa ti Sàró dé!" Ó ní kí Dúpẹ́ ka ìròyìn èṣí kí a lè fọwọ́ sí ìwé ètò. Dúpẹ́ kà á. Nígbà tó kan àdúgbò wa, ó fi ìka tẹ òdo náà. Ó wò mí.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ má ka òdo yẹn. Irọ́ ni, èmi ni mo pa á, Nọ́ọ̀sì ò mọ̀. A wẹ òkú méje." Mo sọ ohun tí Màmá Abíbátù kọ́ mi, pé òfin tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí ni kò jẹ́ kí a sọ òótọ́, àti pé bí wọ́n bá gbé e dé Ibafo, àwọn ará Ibafo náà á wá ẹ̀yìnkùlé tiwọn.

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Dókítà na ọwọ́ kí wọ́n dákẹ́. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Màmá, ilé àwọn wo ni? Ẹ dárúkọ wọn."

"Rárá, Dókítà. Ẹ má bínú. Bí mo bá dárúkọ wọn, wọn ò ní pè mí mọ́ bí òjò bá dé, ẹ̀yin náà ni wọn ò sì ní pè."

"Ẹ parọ́ fún wa lọ́dún tó kọjá. Kí ló fẹ́ jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ kò tún máa parọ́ báyìí?"

Òótọ́ ni, ó mú mi. Mo ti ń wá ibi tí n ó jókòó sí nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn. Mi ò mọ̀ pé ó wá. Rísíkà dúró lẹ́nu ọ̀nà, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kọ orúkọ màmá mi sílẹ̀. Sáratù. Onígbáméjì ló pa wọ́n. Àwọn ni wọ́n bu omi." Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó jáde, kò wò mí. Dúpẹ́ mú bírò, ó fa ìlà sórí òdo, ó kọ ọ́.

Kò dùn tán bí ẹ ṣe rò. Dókítà ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n fún Dúpẹ́ ní kúẹ́rì, ó dáhùn rẹ̀, ó sì ń fi kún gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ń bá mi sọ títí dòní pé "bí ẹ ò bá tún máa parọ́." Ilé méjì ládùúgbò wa bú mi pé mo tú àṣírí, bí n ò tilẹ̀ dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ sí ìwé yẹn. Wọ́n ní kí a yan obìnrin méjì méjì ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin méjì méjì, kí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń fi kulọríìnì wẹ òkú onígbáméjì, kí ọlọ́pàá jókòó sílé. Ìlà tí wọ́n kọ nípa àrùn tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn rárá wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ àti àdúrà rẹ̀. Rísíkà wá síbi ìkẹ́kọ̀ọ́ náà. Iwájú pátápátá ló jókòó sí. Kò kí mi.

Nígbà Tí Òjò Dé

Òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀, onígbáméjì tún yọjú, bí mo ṣe mọ̀ pé yóò yọjú. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, obìnrin kan kú ní òpópónà kejì sí tiwa. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fi fóònù pe Dúpẹ́. Dúpẹ́ pè mí. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo gbà wọlé lójú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú garawa kulọríìnì lọ́wọ́. Dúpẹ́ dúró níta, ó ń sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n má ṣe dáná sàráà lónìí, ó sì ń fún àwọn ọmọ ní omi iyọ̀ àti ṣúgà mu.

Mo ti rò pé èmi nìkan ni n ó ṣe é. Rísíkà ti wà nínú yàrá. Ó ti wọ bàtà rọ́bà, ó ti po omi, ó ti rẹ òwú sínú àwo. Kò kúnlẹ̀, kò ní ẹ káàárọ̀. Mo sọ bísímílà, a bẹ̀rẹ̀. Ó ń bu omi sí ibi tí mo bá fi ojú júwe, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Nígbà tí a fẹ́ yí òkú sí apá òsì, ìbọ̀wọ́ mi sún wálẹ̀ lọ́rùn ọwọ́, awọ ara mi hàn. Mi ò kíyè sí i. Òun ló kíyè sí i.

Ó dá omi dúró. Ó ní, "Ẹ fa ìbọ̀wọ́ yín sókè, Màmá. Mi ò fẹ́ wẹ̀ yín."

Mo fà á sókè.